Má So Etí Rẹ̀

Ó kéré sí ẹyọ ọkà bàbà kan,
ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, kò ní ojú.
Mo fi ẹ̀mú gbé transístọ̀ náà sórí pátákó,
mo sé èémí mi, kó má baà gbé e lọ.

Etí ni mo rà, mi ò ra ẹnu.
Mo fẹ́ kó bá mi gbọ́ sátẹ́láìtì
tó ń kọjá lórí Òṣogbo lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́
tí kì í dúró kí ẹnikẹ́ni,
ohùn tó tín-ín-rín bí èèrà tó ń rìn lórí òwú.

Ṣùgbọ́n bí mo ti fún un ní iná,
orin ara rẹ̀ ló dá sílẹ̀.
Kò sẹ́ni tó bi í.
Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti gbọ̀n ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà;
etí èèyàn ò débẹ̀,
abẹ́rẹ́ mítà ló tú àṣírí:
mo na ọwọ́ sí i, abẹ́rẹ́ sùn,
mo gbọ́wọ́ kúrò, abẹ́rẹ́ dìde.
Àbí ti Alhájà Ṣùwébátù ni ká sọ, lójúlé kejì,
tó yọrí lójú fèrèsé:
“Bàṣírá! Kí lo tún ṣe sí tẹlifíṣọ̀n mi?
Iyanrìn ni mò ń wò láti ìdájí!”

Èyí tí bàbá mi ń lò nínú rédíò onípákó
lọ́ra bí ìgbín, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.
Èyí yára.
Ohun tó bá yára kì í mọ ibi tí ilé parí sí.

Mo mú résísítọ̀, mo fi dè é
mọ́ ẹsẹ̀ tó fi ń gbọ́rọ̀.
Ó dákẹ́ lóòótọ́.
Sátẹ́láìtì kọjá ní aago mẹ́rin ku díẹ̀,
ṣìììì nìkan ni mo gbọ́,
bí ẹni ń dín àkàrà ní yàrá kejì.
Mo ti sọ aláròyé di adití.

Ọ̀gá Oyèwùsì rìn wá láti Ọ̀nà Stéṣàn,
ọkùnrin tó ṣe wáyà rélùwéè lọ́dún méjìlélógún
kí ọkọ̀ ojú irin tó dákẹ́.
Kò jókòó. Ó bọ́ gíláàsì, ó fi ẹ̀wù nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.
“Wáyà yìí gùn jù. Gé e.
Ẹni tí ilẹ̀ bá jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀,
fífò ni yóò máa fò.
Kapasítọ̀ yìí ńkọ́? Ó ń gbé Ìlobù,
iṣẹ́ rẹ̀ wà l'Óṣogbo. Mú un wálé.”

Ó wá tú ìdì bébà kékeré kan.
Ìlẹ̀kẹ̀ dúdú ló wà níbẹ̀, irin lílọ̀ tí iná ti sun,
kò dán, kò yẹ ìdí ọmọ kankan.
“Má so etí rẹ̀, Bàṣírá.
Ariwo yòówù tó o bá gbé sẹ́nu ọ̀nà etí,
gbogbo ilé ni yóò gbọ́ ọ.
Ẹnu ni kó o so.
Jẹ́ kó gbọ́ tán ná.”

Ṣaworo ni wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ
kí wọ́n lè mọ ibi tó sá gbà.
Ṣaworo tèmi yìí, ìdákẹ́jẹ́ ló ń dún.

Mo yọ́ lẹ́ẹ̀dì, èéfín rẹ̀ wọ̀ mí nímú.
Mo na ọwọ́: abẹ́rẹ́ ò mira.
Mo gbọ́wọ́: kò mira.
Mo gbá tábìlì.

Lọ́jọ́ kejì, iná ọba lọ; bátìrì ni mò ń lò.
Ó sì dé, tíkì-tòkò, tíkì-tòkò,
ó ń ti apá Ìkìrun bọ̀,
àwòrán ìkúukùu ń yọ ní ìlà-ìlà.
Odò Ọ̀ṣun ò hàn níbẹ̀, ó kéré jù,
ṣùgbọ́n mo fi ìka kan ibi tó wà.

Lọ́la ni n ó fi ìdérí bo àpótí náà.
Ọ̀gá ní bí a bá tilẹ̀kùn mọ́ ọn,
ó lè tún gbé orin.
Alhájà ò tíì sọ nǹkan kan láti àárọ̀.
Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣì kù nínú bébà.